Apá Mẹ́rin

Èmi ni mo hun ẹ̀wù òtútù yẹn,
aláwọ̀ ewé tó ń gbẹ, bọ́tìnnì márùn-ún, ìkẹfà ti já.
Wọ́n ní kí n wá aṣọ fún ọmọbìnrin kan
tí yóò máa dúró lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin mìíràn.
Ohun tó wà nínú ìwé eré ò ju èyí lọ:
Delphine. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń gbé báàgì.
Báàgì ta ni? Báàgì Maude.

Ní Moncton la ti ń yà á,
nílé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti tì pa, lẹ́bàá odò aláwọ̀ ẹrẹ̀
tí ìṣàn rẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Apá kìíní: apá ẹ̀wù gùn ju apá ọmọ lọ.
Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.
Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun,
ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń fi pamọ́.
Ó ń jẹ etí ẹ̀wù náà bí ewúrẹ́.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ní wákàtí kan:
“Bẹ́ẹ̀ ni, Maude.”

Apá kejì, àwọn òǹkọ̀wé fún un ní ẹ̀ṣẹ̀.
Ó jí ìwé ìdánwò ní ọ́fíìsì,
ó tì í sínú báàgì tó ń gbé,
wọ́n lé Maude.
Mo ti rí ìrònúpìwàdà orí tẹlifíṣọ̀n rí:
omijé, dùùrù, ìpolówó ọṣẹ.
Delphine ò sunkún.
Ó jókòó sáyè Maude, ó jẹ ọ̀dùnkún díndín tán,
ó nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín.
Ìyá mi pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó ní, “Èyí ò ní í dáa láéláé.”
N ò fèsì. Mo ti tú íǹṣì kan kúrò lápá ẹ̀wù náà.

Kò sẹ́ni tó rán mi.
Olùdarí ò rí i, ẹni tó gbé kámẹ́rà ò rí i.
Oriane tó ń ṣe Delphine nìkan ló na ọwọ́,
tó wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ títí
bí ẹni tí wọ́n dá owó àgbàgbé padà fún.

Apá kẹta, bàbá rẹ̀ ta ọkọ̀ ìpẹja.
Ọmọ ń bá wọn la ẹja ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀bẹ ṣá a.
Láràárọ̀ ni Blandine ń fi gọ́ọ̀mù ya àpá náà.
Wọ́n ní kí n fi apá ẹ̀wù bò ó.
Mo ní apá ò dé ibi àpá mọ́.

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Shediac,
níbi tí Maude ti ń ta epo ọkọ̀.
Yìnyín ń já bọ́. “Èmi ni,” ni Delphine wí.
“Mo mọ̀,” ni Maude wí,
ó sì yíjú sí oníbàárà, ó ń ka ṣéńjì.
Olùdarí fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ra.
Oriane ní, “Kò sí ẹni tó máa dì mọ́ ẹni kankan.”
Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé apá wọn ò ká a mọ́,
àtẹni tó ń ṣe é, àtẹni tí wọ́n ń ṣe.

N ò ní kó di ènìyàn mímọ́ o.
Ní apá kẹrin, ó ṣì ń purọ́ fún ìyá àgbà rẹ̀
pé ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ dùn.
Àmọ́ ọmọ tuntun kan dé sí kíláàsì,
tí apá ẹ̀wù rẹ̀ bo gbogbo ìka,
ó na ọwọ́ láti bá Delphine gbé báàgì.
“Fi sílẹ̀,” ló wí. “Ó wúwo.”
Ó sì gbé e fúnra rẹ̀, apá ẹ̀wù dé ìgbọ̀nwọ́,
àpá rẹ̀ síta gbangba nínú ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n ti ko gbogbo rẹ̀ sí páálí báyìí.
Mo mú ẹ̀wù náà wálé, mi ò tọrọ àyè.
Ìyá mi nà án wò, ó mi orí.
“Omi gbígbóná lo fi fọ̀ ọ́. Wò ó bó ṣe súnkì.”
Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.