Mẹ́rìnlélógún

Òjò Dọ́ràmù kì í rọ̀, rírìn ló ń rìn,
ó ń yọjú ní fèrèsé bí ẹni tó ṣi ilé wá.
Mo wà ní yàrá òkè nílé Mísíìsì Réènì,
abala bébà mẹ́rìnlélógún lórí ibùsùn,
tíọ́rì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo ń wá èyí tó bá èyí tan.

Ìyá mi pè láti Ìgbájọ: Kí lo tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?
Mo ní, Màámi, pápá ni mò ń kà.
Pápá tí iná ń jó lẹ́ẹ̀rùn?
Mo ní, Ó jọ ọ́. Àmọ́ kò síbi tí tiwa kò sí,
koríko rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí atẹ́gùn ò fẹ́ pàápàá,
majala tó ń fò níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀,
majala ni ẹ̀yin, majala ni èmi.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, Ṣé wọ́n ń sanwó oṣù fún ọ ṣá?

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń pín wọn.
Àwọn kan wúwo, ariwo wọn kì í dé ọ̀nà jíjìn.
Àwọn kan wà, fà wọ́n gùn, sún wọn kì,
ojú kan náà ni wọ́n á fi wò ọ́,
wọn ò mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá.
Àwọn mìíràn ò bìkítà fún jíjìn tàbí ìtòsí rárá:
ẹ̀ẹ̀melòó ni okùn yí ara rẹ̀ po?
Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń dáhùn nìyẹn.
Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tí a ò rí ìwé ìbí wọn,
a ò lè kọ bí a ṣe dá wọn,
síbẹ̀ bí a bá pè wọ́n, wọ́n ń jẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lọ́ńsìtáàfù fẹ́ kí àtẹ náà pé kí Àjíǹde tó dé.

Lálẹ́ Ọjọ́rú mo dúró lórí afárá Ẹ́lfẹ́tì.
Lábẹ́ mi omi ń hó, ó ń bá òkúta jà.
Ṣùgbọ́n lánàá, láti orí ilé ìṣọ́ kàtídírà,
odò kan náà dà bí okùn bàtà tí ọmọdé jù sílẹ̀.
Ìjà yẹn dà?
Bí a bá jìnnà tó, kúlẹ̀kúlẹ̀ á gbọ̀n dànù,
tíọ́rì mẹ́wàá á fi ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé.

Mísíìsì Réènì gbé agolo bisikíìtì kan sórí tábìlì ìdáná,
bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀.
Bá mi tò ó, ó ní, ìwọ tí o gbọ́n.
Mo to oníhò méjì sọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin sọ́tọ̀,
mo to dúdú, mo to aláwọ̀ eyín erin.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀.
Ó mú aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ó mú aláwọ̀ aró kan:
Ẹ̀wù kan náà nìwọ̀nyí.
Ẹ̀wù tí ọkọ mi ń wọ̀ bọ̀ láti ibi ìwakùsà.
Ọ̀kan já, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́, mo fi èyí rọ́pò.

Mo dìde. Mo gbàgbé láti dágbére.
Nílé wa, Ìbídùnní ni bàbá ń pè mí,
ìyá àgbà ń pe Àwẹ̀ró;
àlejò tó bá dúró lẹ́yìn ògiri
á búra pé ọmọ méjì ló wà nínú ilé.
Mo fa bébà keje, mo fa ìkọkàndínlógún,
níbi tí ọ̀kan ti le koko, èkejì rọ̀,
ohun tó jẹ́ kókó nínú èyí, hóró kan péré ni nínú ìyẹn.
Mo ṣírò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Màámi, mo ní, wọ́n ti ku mẹ́tàlélógún.
Ó ní, Ṣé wọ́n jí ọ̀kan ni?