Ìṣirò Ẹ̀yìn Lẹ́tà

Ẹ̀yìn lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ni mo ti ṣírò rẹ̀,
nítorí kò sí bébà mìíràn nítòsí,
bírò náà sì ń dá, ó ń lọ.

Owó oṣù: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà.
Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ kì í tètè jáde, kí n fọkàn sí oṣù kẹta.
Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àlọ àti àbọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta;
ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún:
ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin
tí n ó máa kà sọ́wọ́ awakọ̀ tí kò mọ orúkọ mi.
Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo tún un ṣe. Kò yí padà.

Tìámíyù ajẹ́ǹtì mú mi wo yàrá mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Èkíní ò jìnnà sí ọsibítù, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ṣalángá;
Tìámíyù dúró síwájú fèrèsé náà ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀.
Èkejì wà lọ́nà Àróje: owó rẹ̀ fúyẹ́,
kànga ibẹ̀ náà fúyẹ́; tó bá di oṣù kejì ọdún, amọ̀ ni korobá ń fà wá.
Ẹ̀kẹta, ní Ìjẹ̀rú, ní fèrèsé méjì, igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé,
àti onílé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà,
tó wò mí láti bàtà dé ìborí: "Ìwọ nìkan?"
Èmi nìkan, Bàbá Oyèdìran.
"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlénígba lọ́dún. Èmi kì í gbà á díẹ̀díẹ̀."
Tìámíyù wúkọ́: ọgọ́ta tún wà lórí ẹ̀, ti ìwé àdéhùn àti ti ẹsẹ̀ òun.

Ìyá mi ní ilé bàbá mi ní Ìṣókùn
kò gba owó lọ́wọ́ ọmọ rí.
"Máa lọ, máa bọ̀. Ṣé ìrìnàjò Mẹ́kà ni?"

Mo lọ, mo bọ̀, ọ̀sẹ̀ méje.
Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń wẹ̀, kí àkùkọ tó rí ohun sọ.
Ní gáréèjì Owódé, ọkọ̀ ń retí ẹnì kan ṣoṣo,
ẹnì kan ṣoṣo yẹn a sì dúró ra búrẹ́dì.
Lọ́jọ́ kan tírélà dábùú ọ̀nà létí Odò Ọbà,
mo wọ ọsibítù ní aago mọ́kànlá;
ọ̀gá kọ orúkọ mi sínú ìwé pupa. Kò bínú, ó kàn kọ ọ́.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìyá mi wà lórí pèpéle
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń tan iná sí ojú títì
bí ẹni ń wá owó ẹyọ tó bọ́.
Rìsíkátù, ọmọ ilé kejì, ló tú àṣírí:
"Màmá kì í jẹun kí ẹ tó dé. Wọ́n á ní ebi ò pa wọ́n."

Mo mú lẹ́tà náà jáde.
Mo wá ibi tí n ó kọ èyí sí.
Abẹ́ owó ọkọ̀ ni, àbí abẹ́ owó ilé?
Ilé tí a kì í san owó rẹ̀,
ta ló ti ń bá mi san án láti ọjọ́ yìí?

Mo ta fìríìjì. Mo ta máṣíìnì ìránṣọ tó ti di ibùjókòó ológbò.
Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá mi ní ìyókù, èlé rẹ̀ ò kéré.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀rú,
aago márùn-ún bá mi lórí mátírẹ́ẹ̀sì,
oòrùn ṣì wà lára ògiri,
n ò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ṣe.
Mo gbálẹ̀, ó mọ́. Mo tún un gbá.

Aago méje, fóònù dún.
"O ti kọjá Odò Ọbà?"
Màámi, mo ti délé.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tọ́ọ̀ṣì náà, kẹ́, ó pa á.
"Ilé wo?" ló wí.