Òkèèrè Tí Mo Rà

Wọ́n ní igi gànràngandan má gùn mí lójú,
òkèèrè la ti í wò ó.
Èmi Eusebio, atúnbàtàṣe ní El Alto,
tí àrùn ti jí òkèèrè mi lọ láti ọdún mọ́kànlá,
níbo ni kí n dúró sí wò ó?

Ọ̀pá funfun mi gbọ́n, n kò bá a jà:
ó mọ ihò, ó mọ àtẹ̀gùn,
ó mọ ajá tó sùn sí ojú ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ló mọ̀.
Kò mọ fèrèsé irin tí Màmá Hilaria ń ṣí síta,
kò mọ okùn ìsáṣọ, kò mọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù.
Ẹ wo iwájú orí mi, ẹ ó ka àdúgbò wa níbẹ̀,
ojúlé kan, àpá kan.

Èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀,
owó rẹ̀ á kọ́ ilé, á tún fi páànù bò ó.
Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ní ilé ìwòsàn,
mo dá a padà wọ́ọ́rọ́wọ́
bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Nilda, ọmọ àbúrò mi, ló tú fóònù kan tó ti kú,
ó yọ ohun kékeré tó máa ń gbọ̀n nínú rẹ̀,
ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ so ó mọ́ ọ̀pá mi,
ó fi ojú méjì bí ojú àdán sí i lórí,
ojú tí kì í wò, tó ń pariwo tí etí ènìyàn ò gbọ́,
tó ń dúró de ohùn ara rẹ̀.
Bàtà mẹ́rìnlélógún ni mo tún ṣe kí n tó san án tán.
Òkèèrè tí mo rà kò gùn: ìwọ̀n apá méjì.
Bí òjò bá rọ̀, á máa ṣe wèrè. Bátìrì rẹ̀ kì í di alẹ́.
N kò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, tí òtútù ń jẹni létí,
ọ̀pá gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí kò sí ògiri.
Mo dúró. Ó ṣì ń gbọ̀n.
Kò sí ìkíni, kò sí èémí,
àfi òórùn dísẹ́ẹ̀lì
àti ìró awọ tí èmi fúnra mi rán.
Ọdún méjì ni Casimiro ti ń fi ìka ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá
nítorí gbèsè àtẹ́lẹ̀ bàtà.
"Casimiro," mo ní, "ẹ káàárọ̀ o.
Ṣé àtẹ́lẹ̀ yẹn ṣì lágbára?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Kò san owó náà.
Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú mi sọdá títì.
Mo ní kó máa lọ níwájú,
ìwọ̀n apá méjì péré,
kí n máa wò ó láti òkèèrè.