Ìṣirò Àpáta Ìkìjà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù l'Áké,
ẹnu mi á dákẹ́, bírò mi á máa sọ̀rọ̀.
Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ìyàwó, ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ onígẹ̀ẹ́,
mo ti gbàgbé wọn.
Ẹjọ́ àpáta ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Ṣówùnmí ra ilẹ̀ lókè Ìkìjà,
ó gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ nídìí àpáta kó lè ráyè fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.
Òjò oṣù Agẹmọ rọ̀ mọ́jú.
Àpáta yí wálẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sísàlẹ̀,
ó jókòó sórí ààrò búrẹ́dì Ẹfúnyẹlá.

"Òjò ni," Ṣówùnmí wí, "iṣẹ́ Ọlọ́run.
Àwọn tó tẹ̀dó síbí bá òkúta yẹn níbẹ̀."
Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Òjò kò lápò. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó lápò.
Èló ni sìmẹ́ńtì àti owó iṣẹ́ bíríkìlà
tí wọn ì bá fi ti ìdí àpáta?"
"Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, Olúwa mi."
"Ààrò ńkọ́?"
"Mílíọ̀nù méjì."
"Nínú òjò ńlá mẹ́wàá, mélòó ló lè yí i?"
Bíríkìlà tó wá jẹ́rìí họ orí: "Ẹyọ kan, ó kéré tán."
"Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílíọ̀nù méjì: igba ẹgbẹ̀rún.
O fi ọgọ́ta pamọ́ sápò ara rẹ,
o gbé igba lé aládùúgbò lórí láìsọ fún un.
San owó ààrò."

Ó yíjú sí Ẹfúnyẹlá:
"Màmá, ogún àpò ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ kó síta,
ẹ ti rí i pé àpáta ń mì.
Kí ni kíkó o wọlé ì bá ná yín?"
Obìnrin náà wo ilẹ̀.
A yọ owó ìyẹ̀fun kúrò.

Mò ń kọ ọ́, mò ń gbádùn rẹ̀,
àfi ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Bámgbàlà, fi ọ̀pá wọlé,
bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀.
Adájọ́ béèrè iye tó ń gbà lóṣù,
ó fi ọdún tó kù fún un láyé sọ ọ́ di púpọ̀.
Bírò mi dúró.
Bí sìmẹ́ńtì bá wọ́n ju ẹsẹ̀ lọ ńkọ́?
Ṣé òfin á ní kí àpáta máa bọ̀?
N kò béèrè. Akọ̀wé kì í béèrè.

Kí oṣù tó parí,
wọ́n ti fi kọnkéré ti àpáta mọ́kànlá lókè Ìkìjà.
Kò sẹ́ni tó wàásù fún wọn. Iye ni wọ́n gbọ́.
Ìdájọ́ kò dá ẹsẹ̀ Bámgbàlà padà;
ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí ló ń ṣọ́.

Ní tèmi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdájọ́ yẹn gan-an,
mo lọ sẹ́yìnkùlé wa n'Ítòkò,
mo ti àpáta tó ń wo òrùlé wa láti ayé bàbá mi.
Kò mì.
Mo wo ilé tó wà nísàlẹ̀,
aṣọ ọmọdé mẹ́ta lórí okùn.
Mo bọ́ fìlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.