Táàtì

Inú ahéré dúdú ni wọ́n ti ń tọ́ rúbáàbù nítòsí Wakefield,
nínú oṣù Èrèlé, tí òjò dídì bo oko mọ́lẹ̀.
Kò sí fèrèsé. Iná àbẹ́là ni wọ́n fi ń kórè rẹ̀,
torí bí oòrùn bá fojú kàn án, pípupa rẹ̀ á ṣá,
ọ̀pá rẹ̀ á yi bí okùn.
Bí o bá dákẹ́, wàá gbọ́ ọ tó ń dàgbà:
pá... pá...
bí ẹni ń fi èékánná pa iná orí.

Ibẹ̀ ni Winnie Ellerby ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Baba rẹ̀ ṣẹ́ ọ̀pá kan,
ó ní, "Tọ́ ọ wò."
Ojú ọmọ rún pọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún,
eyín kan án, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀.
"Táàtì," ni baba wí.
Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí di ọ̀sán.
Ó máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí owó oṣù.

Èmi, ní èdè tèmi, mo máa ní ó kan.
Ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ọbẹ̀ àná kan.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í kan lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́,
etí ẹni tó gbọ́ ọ ló ń kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, táàtì kan náà
ni Edna ìyá rẹ̀ ń gbé jáde láti inú ààrò:
ìyẹ̀fun tí a fi bọ́tà pò, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ,
rúbáàbù nínú, ṣúgà lórí,
etí rẹ̀ jóná díẹ̀ níbi tí ààrò ti máa ń gbóná jù.
Winnie ní, ṣé torí ó kan ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀?
Rárá. Ti kọ́sítáàdì tó dùn bí oyin, táàtì ni òun náà.
"Jẹun. Má bi mí ní ìbéèrè tí ń mú oúnjẹ tutù."

Nígbà tí Beryl ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún,
ó ti òde ijó Dewsbury dé ní aago méjì òru,
ètè rẹ̀ pupa bí ohun tí a tọ́ nínú òkùnkùn,
ẹ̀wù òtútù ọkùnrin kan léjìká rẹ̀.
Baba jókòó sídìí iná, bàtà lẹ́sẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ.
Winnie gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ ìsùn,
ó rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń pè.
Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, títí ó fi rí ojú Edna.

Kí wọ́n tó tan àbẹ́là oko láàárọ̀,
Beryl ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hull.
Lọ́dún kejì, káàdì kan dé, òkun lójú rẹ̀,
ìlà kan lẹ́yìn: "Ẹ sọ fún un pé ṣúgà ò wọ́n níbí."
Ìyáàfin Hinchliffe ilé ìfìwéránṣẹ́,
tó ti kà á kí onílẹ̀ tó kà á, rẹ́rìn-ín:
"Háà, èsì yìí táàtì o!"
Winnie ká ìka kẹrin mọ́lẹ̀.

Ogójì ọdún ó lé kan. Àrùn gba ahọ́n baba,
ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún un:
omi, rárá, orúkọ ajá kan tó ti kú tipẹ́.
Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní, "Táàtì."
Inú Winnie dùn. Ó po ìyẹ̀fun, ó dá iná ààrò,
ó gbé e wá gbígbóná.
Baba kò wo àwo. Ilẹ̀kùn ló ń wò.
"Táàtì," ó tún wí, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń pe ènìyàn wọlé láti inú òtútù.

Winnie gbé àwo sílẹ̀ lórí ìwé ìròyìn,
ó lọ gbé tẹlifóònù,
kò tíì mọ bí òun yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún Beryl.