Ìwé Àṣẹ

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Khulna,
láti etí odò Rupsha dé àárín ìlú,
n kò ní ìwé àṣẹ rí.
Igba tákà tí mo bá ká há ọlọ́pàá lọ́wọ́,
òun ni ìwé mi.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, òjò ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè.
Mo dé oríta, mo bá àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lójú títì,
aṣọ funfun ti lẹ̀ mọ́ wọn lára,
wọ́n to kẹ̀kẹ́ sápá òsì, wọ́n to mọ́tò sápá ọ̀tún,
wọ́n la àárín sílẹ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn,
ọ̀nà tó ti dí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.
Ọ̀gá ọlọ́pàá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù,
ó ń tú àpò bí ẹni tí ìjàlọ ta nítan.
Òun náà ò ní ìwé.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi
tí ẹnìkan fi kan gíláàsì mi, kó, kó, kó.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín dà?"

Mahfuza ni. Ọmọ tí mo fowó bọ́ọ̀sì yìí rán níléèwé.
Kò pè mí ní Bàbá.
Ó di bírò mú bí ẹni di ọ̀bẹ ẹja mú,
òjò ń kán ní igimú rẹ̀ sórí ìwé.

Mo ní, "Èmi ni o."
Ó ní, "Mo mọ̀. Orúkọ yín?"

Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin kan gbé páálí sókè:
Jhorna.
Mo mọ Jhorna. Ó máa ń wá fi iyọ̀ jẹ máńgòrò dúdú lẹ́nu ọ̀nà wa.
Bọ́ọ̀sì méjì ló ń sáré du èrò mẹ́ta,
ibi tí eré náà parí sí ló dúró sí.
Kì í ṣe bọ́ọ̀sì mi.
Àmọ́ mo ti sá irú eré yẹn. Mo sá a lóṣù yẹn gan-an.

Mo ní, "Kuddus Howlader."
Ó kọ ọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́.
Mo fẹsẹ̀ rìn relé nínú ẹrẹ̀, èrò ń bú mi bọ̀ lẹ́yìn.

Lálẹ́, ohùn ti há a lọ́fun.
Mo yọ egungun ẹja rẹ̀ fún un
bí mo ti ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.
Ó jẹ ẹ́. A ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn tó dé akoto kó igi wá.
Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ wálé.
Bọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ eré. Àwọn ará àdúgbò ní,
"Ẹ wò ó, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ."
Wọn ò parí òwe náà.

Inú ìkòkò ìrẹsì ni mo ti rí ìwé yẹn.
Ọwọ́ mi há; ìyá rẹ̀ ló bá mi fà á yọ.
Igba orúkọ ó lé méjìlá. Èmi ni ẹnì kọkànlélógójì.
Níbi ìwé àṣẹ, ó kọ "kò sí."
Níbi orúkọ, ó ti kọ́kọ́ kọ "bàbá mi,"
ó wá fi ìlà pa á rẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìwé àṣẹ.
Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ṣíwájú mi.
Ọkùnrin kan tó mú fáìlì dání yọ́ tọ̀ mí wá:
igba tákà péré, òun á mú mi wọlé báyìí.
Owó ń bẹ lápò mi. Bírò náà ń bẹ níbẹ̀.
Mo yọ bírò.
Mo ní, "Mo gbọ́, sà. Orúkọ yín?"