Wáyà Tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Òtútù ti lé ní ọgbọ̀n lábẹ́ òdo ní Brandon,
yìnyín ti lẹ ilẹ̀kùn gáréèjì mọ́lẹ̀,
èmi sì kúnlẹ̀ níwájú àpótí irin tó ṣófo,
mò ń ya wáyà sọ́tọ̀ bí ẹni ń ya irun ọmọ tí kò fẹ́ jókòó.
Pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀;
èyí tó láwọ̀ ewé, ti ilẹ̀ ni.

Ọwọ́ àgbẹ̀ kan ní Souris ni mo ti ra tábìlì agégi yìí.
Ó ní eku ti jẹ ọpọlọ rẹ̀.
Irin rẹ̀ ṣì tọ́. Mọ́tò mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin,
kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.
Bọ́ọ̀dù tuntun tí mo rà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ:
ihò kan fún ìgbésẹ̀, ihò kan fún ọ̀nà,
ihò kan fún ìyọ̀ǹda.
Kọ̀ǹpútà á ṣẹ́jú, mọ́tò á gbé ẹsẹ̀ kan.
Bó bá ṣẹ́jú nígbà ẹgbẹ̀rún,
ibi tí irin á rìn dé kò ju ìka ọmọdé lọ.

Orest Hnatiuk ló kọ́ mi ní èyí tó kù.
Ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta;
ogójì nínú rẹ̀ ló fi ń fa iná nílé iṣẹ́ ajílẹ̀.
Ahọ́n rẹ̀ kò gba Dúródọlá,
ó gé e sí Dúró,
nítorí náà bó bá pè mí, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ dúró
kí n tó rántí pé orúkọ ni.
Òun náà ló kọ ọ́ sábẹ́ bọ́tìnnì pupa,
gàdàgbà-gadagba, láìní àmì ohùn:
DURO.

Ó ní, "Ṣúìṣì òpin, má jẹ̀ẹ́ kó dákẹ́ títí di ọjọ́ ewu.
Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́:
mo wà, mo wà, mo wà.
Bí irin bá kàn án, á dákẹ́.
Bí eku bá gé wáyà, á dákẹ́.
Ìdákẹ́ ni kí ẹ̀rọ máa bẹ̀rù."

Mo ní a mọ̀ ọ́n nílé wa:
ẹni tó ń kí ni láràárọ̀, bí kò bá kí ni mọ́,
ìbínú kọ́ ló kàn,
ká lọ kànkùn rẹ̀ ló kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni àmì irọ́ fi dà mí láàmú.
Bí abẹ bá ti ń yí, ṣúìṣì á figbe ta: òpin!
Òpin tí a kò tíì dé.
Orest yẹ ìbora wáyà wò, ó rẹ́rìn-ín:
mo ti dè é mọ́lẹ̀ lókè, mo tún dè é mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀.
Lédè tirẹ̀, ó ní kí n gé ọ̀kan.
Lédè tèmi, mo gbọ́ pé
ẹni tó bá ibi méjì mulẹ̀,
ariwo ni yóò máa rù kiri.
Mo gé e. Ariwo rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Àárọ̀ Sátidé tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ gé igi,
abẹ ti ń yí, mo bojú wo òdìkejì títì.
Kọ́tìnnì Orest, tó máa ń ṣí ní aago méje
láti ọjọ́ tí a ti sin Halyna,
àdéhùn àárín àwa méjèèjì,
kò ṣí.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo tẹ DURO.
Bàtà ilé ni mo fi sáré la yìnyín kọjá.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilé ló wà,
ìbàdí rẹ̀ kò gbé e, ètè rẹ̀ ti funfun.
Mo pe ọkọ̀ aláìsàn, mo fi ìbora bò ó.
"Dúró," ó ní.
N kò mọ̀ bóyá orúkọ ni tàbí àṣẹ.
Mo dúró.
"Ibì kan ṣoṣo lo dè é mọ́, àbí?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Mo kà á: ìgbésẹ̀ kan.